Kì í Ṣe Ọmọ Mi, Ọmọ Aládùúgbò Ni

Ẹ kò tíì mọ̀ mí, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ̀ mí láìpẹ́, nítorí èmi ni aládùúgbò tí wọ́n sọ pé ó ni ọmọ. Aránṣọ ni mí. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé mi àti ilé obìnrin tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí. Òun ló ní kí n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín. Ó ní tóun bá jókòó kọ ọ́ fúnra òun, òun á wẹ ara òun mọ́ níbi tí kò yẹ. Mo ní kò burú, ìwọ máa sọ, èmi á máa kọ, mi ò sì ní bá ẹ wẹ̀.

Ìyá Jẹ́jẹ́ là ń pè é. Jẹ́jẹ́ kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà, ìnagijẹ ni. Nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ ké, kì í wojú ẹni, á kàn máa wo ibi tí oòrùn bá ti ń tàn sára ògiri. Gbogbo wa ní ẹ wo ọmọ jẹ́jẹ́, ìyá ẹ̀ mà ríre. Ìgbà tó dàgbà tó ọmọ tó ń sáré kiri, tí kò sì tíì pe ìyá ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, la tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ju jẹ́jẹ́ lọ.

Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n ní ọ́tísíìmù ni. Wọ́n ní kì í ṣe àìsàn tí wọ́n ń lo oògùn sí, bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Ariwo máa ń dùn ún létí ju bó ṣe ń dun ẹlòmíì lọ. Ara ẹ̀ máa ń wá ohun tó máa dì í mú dáadáa, síbẹ̀ kò fẹ́ kéèyàn fọwọ́ kan òun. Ọ̀rọ̀ á sì máa pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu ẹ̀.

Èyí tó bá wá jáde, kì í ṣe tiẹ̀. Ohun tó bá gbọ́ lẹ́nu yín ló máa dá padà, bó ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ohùn yín, pẹ̀lú ikọ́ tẹ́ ẹ hú sáàárín. Ó lè jẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó lè jẹ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà mi kan ń wọ aṣọ wò níwájú dígí, Jẹ́jẹ́ ní, "Ìdí yìí ò lè wọ inú aṣọ yìí láéláé." Ohùn mi ló fi sọ ọ́. Mi ò rí obìnrin yẹn mọ́ di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Iṣẹ́ Ìyá Jẹ́jẹ́ ni ilé atẹ́gùn. Ẹ ti rí i rí, níbi táwọn ọmọdé bá ti ń ṣe ọjọ́ ìbí: ilé rọ́bà aláràbarà tí wọ́n á tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní, tí wọ́n á tan ẹ̀rọ sí i nídìí, tí á wú, tí á yọ ògiri, tí á yọ òpó, táwọn ọmọ á bọ́ bàtà wọn, tí wọ́n á kó sínú ẹ̀, tí wọ́n á máa fò. Ó ń fi í háyà fún ẹni tó bá ń ṣe ayẹyẹ. Fúnra ẹ̀ ló ń gbá inú ẹ̀, tó ń fi ọṣẹ nù ún, tó ń kan èèkàn irin mọ́lẹ̀, tó ń rán ojú rírán tó bá já. Ẹ̀yìn ẹ̀ ò sinmi.

Ọmọ tí kò jẹ́ kéèyàn di òun mọ́ra yìí, ilé atẹ́gùn nìkan ló gbà fún. Tí ilé náà bá ti ń wú, á lọ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, ibi tó ń gbọ̀n yẹn, á dijú. Tó bá wú tán, òun ló máa ń kọ́kọ́ wọlé, kí àlejò kankan tó dé. Á fò, á fò, á fẹ̀yìn lélẹ̀, á tún dìde. Ojú ẹ̀ á wá rọ̀. Ìyá ẹ̀ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ta ló kọ́kọ́ wọlé?" Jẹ́jẹ́ náà á ní, "Ta ló kọ́kọ́ wọlé?" Eré tiwọn nìyẹn. Lọ́jọ́ tó bá ti rí i fò bẹ́ẹ̀, á jẹun, á sùn, kò ní bu ọwọ́ ara ẹ̀ jẹ.

Àmọ́ táwọn ọmọ yòókù bá ti rọ́ wọlé, tí wọ́n ń pariwo, tí wọ́n ń já lu ara wọn, ilé náà ò ṣeé gbé fún un mọ́. Á há sí kọ̀rọ̀, á fọwọ́ di etí, á máa kùn. Ìyá ẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, á ti yọ ọ́ jáde kí wọ́n tó dé. Ojoojúmọ́ ayé ló ń ṣe é. Èèyàn tó bá sọ pé irú ẹ̀ kì í rẹ òun, irọ́ ló ń pa.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀ obìnrin mọ̀ pé ó ń rẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni gbogbo wa ń pè é. Lọ́jọ́ kan tí mò ń wọn aṣọ fún un, ó pe Ìyá Jẹ́jẹ́ wọlé.

"Ìyàwó wa," ó ní, "iṣẹ́ òde niṣẹ́ ẹ. Ojú àwọn èèyàn á máa wà lára ọmọ yìí. Tó bá ń rẹ̀ ẹ́, tàbí tójú bá ń tì ẹ́, mú un wá sọ́dọ̀ mi. Mi ò ní bá ẹ ṣẹjọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìyá Jẹ́jẹ́.

"Àǹtí, kí lojú á tì mí sí? Ṣebí ọmọ mi ni. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé ojú tì mí torí Jẹ́jẹ́, ẹ wá gbé e lọ. Mi ò ní dí yín lọ́wọ́."

Ọkọ ẹ̀ wà níbẹ̀. Awakọ̀ akẹ́rù ni, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wo ìyàwó ẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

"Ó dáa," Àǹtí Nọ́ọ̀sì sọ. "A ti gbọ́."

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi tọ́rọ̀ wà. Ilé ìwé aládàáni kan pè é pé kó wá tẹ́ ilé atẹ́gùn fáwọn fún àríyá ìparí sáà. Iṣẹ́ tó ti ń wá nìyẹn. Tí ilé ìwé bá gba tèèyàn, kò ní máa sáré kiri mọ́, sáà dé sáà ni wọ́n á máa pè é, àwọn òbí á tún mú un lọ sílé wọn. Ó fọ ilé náà, ó tún un fọ̀. Ó ra aṣọ tuntun. Ó sì mú Jẹ́jẹ́ dání, bó ṣe máa ń mú un dání.

Táyà ọkọ̀ wọn jò lójú ọ̀nà. Ìgbà tí wọ́n fi máa débẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé ti tò síta pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ìyá Jẹ́jẹ́ sáré tẹ́ ilé, ó sáré tan ẹ̀rọ. Bó ṣe ń wú ni Jẹ́jẹ́ ti wọlé, nítorí òun ló ń kọ́kọ́ wọlé, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé ọjọ́ yìí yàtọ̀.

Ó dúró sáàárín ilé náà, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì fìrìfìrì bó ṣe máa ń ṣe tínú ẹ̀ bá dùn, ó ń kùn, ó ń fò. Àwọn tó tò ń wò ó. Olùkọ́ kan fun fèrè. Jẹ́jẹ́ fọwọ́ di etí, ó kùn sókè sí i.

"Kí ló ń ṣe ìyẹn?" ìyá kan bèèrè lọ́wọ́ ẹnì kejì ẹ̀. Ó fa ọmọ tiẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀.

Ìyá Jẹ́jẹ́ na ọwọ́ wọlé, ó rọra pè é, ọmọ náà sì jáde wá, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ pé kí ìyá òun wọ bàtà fóun. Ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé dé. Obìnrin gíga, wọ́n lọ aṣọ ẹ̀ dáadáa, kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀.

"Màdámù, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ta nìyí?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, kí lẹ bá sọ? Gbogbo wa la mọ ohun tó yẹ ká sọ nígbà tí kì í ṣe àwa ni wọ́n bi. Ìyá Jẹ́jẹ́ ní òun rí ojú àwọn òbí yẹn, òun rí aṣọ tuntun lára òun, òun rí i pé gbogbo ọ̀nà òun wà lẹ́nu obìnrin tó dúró níwájú òun. Ó rẹ́rìn-ín kékeré, ó hú ikọ́ díẹ̀.

"Kì í ṣe ọmọ mi, mà. Ọmọ aládùúgbò ni. Mo kàn bá wọn mú un dání ni."

Ẹsẹ̀ Jẹ́jẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Ó ń wọ bàtà fún un lọ́wọ́.

"Ẹnu mi ló kọ́kọ́ débẹ̀, Ìyá Aránṣọ," bó ṣe sọ fún mi nìyẹn. "Orí mi dé bá a níbẹ̀ ni."

Ó mú ọmọ náà lọ sẹ́yìn ilé atẹ́gùn, ibi tí ẹ̀rọ wà. Ó da kíréètì kan dé, ó gbé e jókòó lé e. "Dúró síbẹ̀," ó ní. "Má wọlé." Jẹ́jẹ́ dúró síbẹ̀. Gbogbo ayẹyẹ yẹn lọ, wọ́n fò, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ya fọ́tò. Ọmọ náà wà lẹ́yìn, ó fọwọ́ lé ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n, ó ń wo ẹ̀yìn ilé.

Nígbà tí wọ́n ń ká ilé náà, ọ̀gá ilé ìwé wá.

"Iṣẹ́ yín mọ́. Ẹ ó máa bá wa ṣe é. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú ọmọ aládùúgbò yẹn wá mọ́."

"Mo ti gbọ́, mà," Ìyá Jẹ́jẹ́ sọ.

Ohun tẹ́nìkan kì í sọ fún opurọ́ ni pé irọ́ náà á máa béèrè oúnjẹ. Àwọn òbí ilé ìwé yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í pè é wá sílé wọn. Ibi tó bá dé, ojú kan náà ló ń bá pàdé. Kò lè mú ọmọ lọ sílé ìwé, kò sì lè mú un lọ sílé àwọn òbí. Ó wá di pé kò sí ibi kankan tó lè mú un lọ mọ́. Ọ̀dọ̀ mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sílẹ̀ sí. Ọmọ aládùúgbò wá di ọmọ aládùúgbò lóòótọ́.

Lọ́jọ́ kan ó wọlé wá bá mi, ó dúró, kò jókòó.

"Ìyá Aránṣọ, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bẹ̀ yín. Táwọn oníbàárà mi bá wà níta, ẹ má pè mí ní Ìyá Jẹ́jẹ́ mọ́."

"Kí ni kí n máa pè ẹ́?"

"Ẹ máa pè mí ní Màdámù."

"Màdámù kí?"

"Màdámù lásán."

Mo wò ó títí. Obìnrin tó jẹ́ pé orúkọ ọmọ ló ń jẹ́, tó ní òun ò jẹ́ ẹ mọ́, kí lèèyàn fẹ́ sọ fún un? Mo ní, "Ó dáa, Màdámù Lásán." Kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò rẹ́rìn-ín.

Tí ọkọ ẹ̀ bá pè é láti ojú ọ̀nà, mò ń gbọ́ ọ látẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Ṣé Jẹ́jẹ́ fò lónìí?"

"Ó fò dáadáa. Òun ló kọ́kọ́ wọlé."

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, abẹ́ tábìlì mi ni ọmọ náà wà láti àárọ̀, ó ń to kẹ̀kẹ́ òwú. Mo mọ̀, mi ò sọ̀rọ̀. Ẹjọ́ tèmi nìyẹn, mo ti gbà á, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Kò sùn mọ́. Ó ń bu ọrùn ọwọ́ ara ẹ̀ jẹ títí ó fi dégbò. Ó ń fò lórí bẹ́ẹ̀dì títí pákó fi dá. Nígbà tí bẹ́ẹ̀dì ò sí mọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara lu ògiri, ògiri tó wà láàárín wa, gbì, gbì, gbì. Ara ẹ̀ ń wá ohun tó máa dì í mú. Mo máa ń pa ẹ̀rọ ìránṣọ mi, màá fọwọ́ lé ògiri náà ní tèmi. Màá gbọ́ ìyá ẹ̀ lódì kejì tó ń sọ pé, "Jẹ́jẹ́, ó ti tó. Jọ̀ọ́, ó ti tó." Ó ti rẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe rẹ̀ ẹ́ nígbà tó ń mú ọmọ náà dání lọ. Kì í ṣe iṣẹ́ ló ń rẹ̀ ẹ́ mọ́.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì wá, ó rí egbò náà.

"Kí ló fa èyí?"

"Mi ò mọ̀, Àǹtí. Bóyá eyín ló ń yọ."

"Eyín ọwọ́?" Àǹtí Nọ́ọ̀sì bèèrè. "Ṣé ó ṣì ń fò?"

"Ó ń fò, mà."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ yìí ò tiẹ̀ rìn jìnnà. Ọjọ́ ìbí Jẹ́jẹ́ pé, bàbá ẹ̀ sì tilẹ̀kùn ọkọ̀ ẹ̀ láti wá ṣe é. Ó jí láàárọ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká tẹ́ ilé atẹ́gùn síwájú ilé. Kó jẹ́ tiẹ̀ nìkan lónìí."

"Ẹ̀rọ náà fẹ́ àtúnṣe," ìyá ẹ̀ sọ.

"Mo ti tàn án wò. Ó ń ṣiṣẹ́."

"Oòrùn máa mú rọ́bà yẹn gbóná."

"A ó tẹ́ ẹ síbi ìbòòji."

Wọ́n tẹ́ ilé náà. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti dé, ó jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà. Mo mú aṣọ tí mo rán fún ọmọ náà wá, èyí tí mo kọ ojú rírán ẹ̀ síta, nítorí tó bá wà nínú, ṣe ló máa ń bọ́ ọ jù nù. Ìyá Jẹ́jẹ́ dúró sẹ́yìn gbogbo wa. Ó ní òun rò pé bóyá ọmọ náà á kàn wọlé, á fò, ọjọ́ á sì kọjá.

Bàbá Jẹ́jẹ́ tan ẹ̀rọ. Ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í dìde.

Jẹ́jẹ́ gbọ́ ẹ̀rọ náà, ó dúró jẹ́ẹ́. Inú wa dùn, a rò pé ó fẹ́ sáré. Kò sáré. Ó rẹ́rìn-ín kékeré kan tí kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀. Ó hú ikọ́ díẹ̀.

"Kì í ṣe ọmọ mi, mà," ó sọ. "Ọmọ aládùúgbò ni. Mo kàn bá wọn mú un dání ni."

Ohùn ìyá ẹ̀ ni, kò yàtọ̀. Bàbá ẹ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Níbo ló tún ti gbọ́ èyí?"

Ọmọ náà rìn kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé atẹ́gùn, kò wo inú ẹ̀. Ó lọ sẹ́yìn, síbi tí ẹ̀rọ wà. Kíréètì kan wà níbẹ̀, ó dà á dé, ó jókòó lé e, ó kó ọwọ́ lé ẹsẹ̀.

"Jẹ́jẹ́, wọlé," bàbá ẹ̀ pè é. "Tìẹ ni. Kò sẹ́lòmíì níbẹ̀."

"Dúró síbẹ̀," Jẹ́jẹ́ sọ. "Má wọlé."

Ilé náà ti wú tán, ó dúró gbagidi níwájú wa, òfìfo. Ẹ̀rọ nìkan ló ń dún. Bàbá Jẹ́jẹ́ yíjú padà, ẹ̀rín ti kúrò lójú ẹ̀.

"Ta ni aládùúgbò tó ni ọmọ mi?"

Mo wolẹ̀. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Àmọ́ Ìyá Jẹ́jẹ́ ò jẹ́ kó pẹ́ lórí mi, mo yìn ín fún ìyẹn.

"Ìyá Aránṣọ ò mọ̀ nípa ẹ̀," ó ní. "Èmi ni mo sọ ọ́. Nílé ìwé. Wọ́n bi mí pé ọmọ ta ni."

"O sì ní kì í ṣe ọmọ ẹ."

"Mo ní kì í ṣe ọmọ mi."

"Ó wà níbẹ̀?"

"Mò ń wọ bàtà fún un."

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ìyàwó ẹ̀ ì bá rí nǹkan dá lóhùn. "Mo máa ń pè ẹ́ lójú ọ̀nà," ó ní. "O máa ń sọ fún mi pé òun ló kọ́kọ́ wọlé." Ó sọ ọ́, ó tún un sọ.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì dìde. Ó lọ sínú ilé, ó kó aṣọ ọmọ náà díẹ̀ sínú báàgì, ó kó kẹ̀kẹ́ òwú tí mo fún un mọ́ ọn.

"Ìyàwó wa, ṣó o rántí ohun tó o sọ?"

"Mo rántí, mà."

"Mi ò fi ṣe ẹ̀sín. Ọmọ yìí ti lọ́gbẹ́, ó ní láti jinná. Ọjọ́ tó bá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wọ ilé yẹn lójú ẹ, tẹ́nìkan ò tì í, ọjọ́ náà ni mo máa dá a padà fún ẹ. Kó tó dìgbà yẹn, màá máa mú un wá."

Ìyá Jẹ́jẹ́ kúnlẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má mú un lọ. Ó kàn wọ bàtà fún ọmọ náà, ó sì dìde kúrò lọ́nà. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó pa ẹ̀rọ, ó jókòó, ó ń wo bí ilé náà ṣe ń rọ wálẹ̀. Mo jókòó tì í. Ó sunkún títí, mi ò sọ fún un pé kó má sunkún.

Ó padà sílé ìwé yẹn fúnra ẹ̀, ó bá ọ̀gá ilé ìwé ní ọ́fíìsì.

"Ọmọ tẹ́ ẹ rí lọ́jọ́sí, mà, ọmọ mi ni. Irọ́ ni mo pa."

Ọ̀gá ilé ìwé gbé gíláàsì ojú ẹ̀ kúrò. "Kí ló dé?"

"Mo rò pé ẹ ò ní fún mi níṣẹ́ ni."

"Ta ló bá yín sọ̀rọ̀ iṣẹ́? Mo bèèrè ẹni tó ni ín kí n lè mọ ẹni tí mo máa bá sọ̀rọ̀, torí àwọn ọmọ ti tò. Ìgbà tẹ́ ẹ ní ọmọ ọlọ́mọ ni, ẹ̀rù bà mí. Tí ọmọ ọlọ́mọ bá ṣèṣe nínú ọgbà mi, kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá ẹ̀? Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ má mú un wá mọ́ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ti sọ pé ọmọ yín ni, ibo ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi í sí?"

Ìyá Jẹ́jẹ́ ní ká ní obìnrin náà bú òun ni, ì bá sàn. Kò bú u. Ó kàn wọ gíláàsì ojú ẹ̀ padà, ó ní sáà tó ń bọ̀, àwọn á mú ẹlòmíì, kì í ṣe torí ọmọ, torí irọ́ ni. Ó kí i pé ó dàbọ̀. Ẹnì kan ò ní kó sẹ́ ọmọ náà, ẹ̀yin èèyàn. Ẹnì kan ò ní kó sẹ́ ẹ.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì ò yẹ ọ̀rọ̀ ẹ̀. Láàárọ̀, kí Ìyá Jẹ́jẹ́ tó lọ síbi iṣẹ́, á mú ọmọ náà wá. Wọ́n á tẹ́ ilé, wọ́n á tan ẹ̀rọ. Jẹ́jẹ́ á sọ ọ̀rọ̀ yẹn, gbogbo ẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rín, pẹ̀lú ikọ́. Á lọ sẹ́yìn, á jókòó lórí kíréètì. Ìyá ẹ̀ náà á lọ jókòó tì í nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò ní pè é wọlé. Ẹni tó bá ń kọjá lọ tó bá ní, "Ọmọ ta nìyí?" á dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi ni. Èmi ni Ìyá Jẹ́jẹ́." Tí wọn ò bá bèèrè, á sọ ọ́ náà. Àwọn kan rò pé orí ẹ̀ ti dàrú.

Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò tán, kíréètì ni. Nígbà míì màá yọjú lójú wíńdò, màá rí àwọn méjèèjì lẹ́yìn ẹ̀rọ, ọwọ́ ọmọ wà lára ẹ̀rọ, ọwọ́ ìyá wà nílẹ̀ nítòsí ẹ̀, kò kàn án.

Wọ́n ní ẹyin lohùn, tó bá ti bọ́ sílẹ̀, ó ti fọ́ nìyẹn. Ti Jẹ́jẹ́ yàtọ̀. Èyí tó bá bọ́ lẹ́nu yín, á gbé e, á tọ́jú ẹ̀, á sì dá a padà fún yín lódindi.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ ìbí, kò sẹ́ni tó pè é. Jẹ́jẹ́ kúrò lórí kíréètì, ó lọ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó rìn yí ilé náà ká, ó bọ́ bàtà, ó sì wọlé.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà mi rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí aṣọ nu ojú. "Aránṣọ," ó ní, "bá mi lọ gbé báàgì ẹ̀ nínú ọkọ̀."

Nígbà tí mo gbé báàgì dé, Jẹ́jẹ́ ti ń fò.

"Kì í ṣe ọmọ mi," ó sọ bó ṣe fò sókè.

"Ọmọ mi ni," ó sọ bó ṣe balẹ̀.

Ó tún fò. "Kì í ṣe ọmọ mi." Ó tún balẹ̀. "Ọmọ mi ni." Ohùn kan náà ló fi ń sọ méjèèjì, ohùn ìyá ẹ̀, kò fi ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Méjèèjì ló gbọ́, méjèèjì ló ń dá padà.

Ìyá Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, bàtà ọmọ náà wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ń dá a lóhùn. Ìgbàkígbà tó bá fò sókè, tó bá sọ "Kì í ṣe ọmọ mi," ìyá ẹ̀ á ní, "Ọmọ mi ni," kò dákẹ́, títí ó fi rẹ ọmọ náà, tó rá bàbà wá sẹ́nu ọ̀nà, tó jókòó, tó sì na ẹsẹ̀ sí i pé kó wọ bàtà fóun.